Àṣìṣe Tí A Máa Ń Ṣe Tí A Bá Fẹ́ Dáwó fún Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Íjíbítì

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ máa dáwó fún ni pé, "Kí lẹ fẹ́ wà jáde lọ́dún yìí?" Mo ti fọkàn ya á: pósí oníwúrà, ère ọba, ohun tí ìwé ìròyìn á gbé sójú ewé àkọ́kọ́. Ìyá àgbàlagbà tó dá mi lóhùn ní iyọ̀ àti omi làwọn ń bá jà lọ́dún yẹn, àwọn ò ní walẹ̀ rárá. Ọkàn mi ò balẹ̀, mi ò sì dáwó. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé iṣẹ́ iyọ̀ àti omi yẹn gan-an ló yẹ kí n náwó lé.

Àṣìṣe tó gba iwájú nìyẹn. Ìwalẹ̀ nìkan la kà sí iṣẹ́. Ohun tó ti sùn sábẹ́ yanrìn gbígbẹ láti ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta ti bá ibùsùn rẹ̀ mọ́ra. Ọjọ́ tí awalẹ̀pìtàn bá ṣí i sí afẹ́fẹ́ ni ìyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ibojì Nefertari, olorì Ramesses Kejì, ní Àfonífojì àwọn Ayaba, ní òdìkejì odò Náílì sí Luxor. Ernesto Schiaparelli, ará Ítálì, ló rí i lọ́dún 1904. Àwòrán inú rẹ̀ rẹwà débi pé èèyàn á fẹ́ fọwọ́ kàn án: olorì nínú aṣọ funfun, àwọn òrìṣà tí wọ́n dì í lọ́wọ́ mú, òrùlé aláwọ̀ ojú ọ̀run tí ìràwọ̀ kún. Ṣùgbọ́n òkúta ibẹ̀ ní iyọ̀ nínú. Bí ọ̀rinrin bá kàn án, iyọ̀ náà á yọ́, á rìn wá sí ẹ̀yìn ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri. Bí ọ̀rinrin bá gbẹ, iyọ̀ á tún dì, á máa nípọn sí i, á máa ti ògiri rírẹ́ náà kúrò lára òkúta, títí àwòrán á fi máa bó bí ìpẹ́ ẹja. Ẹni tó bá ti gbé ilé tí wọ́n fi yanrìn òkun rẹ́ rí, tí nǹkan funfun ń yọ lára ògiri, tí ọ̀dà ń ṣí, ó ti rí irú rẹ̀. Èémí àti òógùn àwọn àlejò sì tún ń dá kún un.

Lọ́dún 1986 ni àjọ ìjọba Íjíbítì tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti Getty Conservation Institute, tó jẹ́ ara àjọ tí kì í wá èrè, jọ dáwọ́ lé iṣẹ́ ibẹ̀. Wọn ò kọ́kọ́ tún nǹkan kan ṣe. Wọ́n yẹ ògiri wò, wọ́n wá ibi tí iyọ̀ náà ti ń wá, wọ́n sì fi bébà pẹlẹbẹ ti Japan di àwọn ibi tó fẹ́ já mú. Ọdún 1992 ni wọ́n tó parí. Ibi tí àwòrán ti bọ́ dànù, wọn ò fi ọ̀dà tuntun kùn ún. Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà nìyẹn, wọn ò sì rí wúrà kankan.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ kan bá tọrọ owó fún ohun tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rinrin, tàbí fún ẹ̀rọ tó ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ sẹ́yìn kúrò nídìí tẹ́ńpìlì, ẹ má sọ pé kò wú yín lórí. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí ìdídò ńlá Aswan lọ́dún 1970, oko ń mu omi láti ọdún dé ọdún, omi abẹ́ ilẹ̀ sì ń gòkè. Òkúta tẹ́ńpìlì ń fa omi yẹn bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo.

Àṣìṣe kejì ni ìkánjú. Lóṣù kẹjọ ọdún 2014, irùngbọ̀n ìbòjú wúrà Tutankhamun, ọba Íjíbítì àtijọ́, yẹ̀ ní Cairo nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n tò ó sí. Kàkà kí wọ́n dúró de onímọ̀, wọ́n fi gúlúù epoxy lẹ̀ ẹ́ pa dà, èyí tí kì í ṣeé tú bọ̀rọ̀. Gúlúù náà hàn, wọ́n tún ń ha á kúrò, ó sì fi àpá sílẹ̀. Ní 2015 ni àwọn ará Jámánì àtàwọn ará Íjíbítì wá fi sùúrù yọ gúlúù náà, wọ́n fi igi yọ ọ́, kì í ṣe irin. Ohun tí wọ́n wá fi lẹ irùngbọ̀n náà ni ìda oyin, ohun tí àwọn tó ṣe ìbòjú náà ní láyé àtijọ́ mọ̀ dáadáa. Àwa tí a ń dáwó náà lọ́wọ́ nínú irú ìkánjú bẹ́ẹ̀. Tí a bá ní kí wọ́n fi àwòrán "bó ṣe wà tẹ́lẹ̀" àti "bó ṣe wà báyìí" ránṣẹ́ kí ọdún tó parí, a ti ń tì wọ́n sínú gúlúù nìyẹn.

Ẹ má sì ra nǹkan kan. Mo mọ àwọn èèyàn tó ní ọkàn rere tí wọ́n gbà pé bí àwọn bá ra ère kékeré kan ní gbàǹjo, àwọn ti gbà á là. Lọ́dún 2017, mùsíọ̀mù Metropolitan ní New York ra pósí oníwúrà àlùfáà Nedjemankh ní nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là. Ìwé àṣẹ ọdún 1971 tí wọ́n fi hàn wọ́n pé wọ́n gbé e jáde ní Íjíbítì lọ́nà òfin, ayédèrú ni. Wọ́n ti jí pósí náà ní agbègbè Minya nínú rúkèrúdò ọdún 2011, wọ́n sì dá a pa dà sí Íjíbítì ní 2019. Bí mùsíọ̀mù tó ní agbẹjọ́rò àti onímọ̀ rẹpẹtẹ bá lè kó sí i, kí ni tiwa? Owó tí ẹ bá fi ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹni tó máa lọ gbẹ́ ihò mìíràn lóru lẹ fi lé.

Ó jọ mọ́ ìyẹn pé àwọn kan ṣì ń retí kí nǹkan bọ̀ sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí Amelia Edwards, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Egypt Exploration Fund sílẹ̀ ní London lọ́dún 1882, mùsíọ̀mù tó bá dáwó máa ń gba ìpín nínú ohun tí wọ́n bá wà jáde. Òfin 117 ti ọdún 1983 sọ pé ti ìjọba Íjíbítì ni gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ṣì ń ṣèlérí nǹkan àtijọ́ fún olùdáwó lónìí, ẹ sá fún un.

Èyí tó ń dùn mí jù ni bí a ṣe máa ń gbàgbé àwọn ará ibẹ̀. Kò sí ẹgbẹ́ àjèjì tó lè fọwọ́ kan bíríkì kan láìgba àṣẹ ìgbìmọ̀ ìjọba Íjíbítì, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àwọn ọkùnrin ìlú Quft ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwalẹ̀ láti ìgbà tí Flinders Petrie, awalẹ̀pìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì, ti gbà wọ́n síṣẹ́ lọ́dún 1893, bàbá ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ ọmọ tirẹ̀, títí dòní. Ọwọ́ wọn mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹrẹ̀ tó kàn dì àti bíríkì alámọ̀ kí ojú tó rí i. Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ béèrè pé mélòó nínú rẹ̀ ló ń lọ sí owó oṣù àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Íjíbítì. Ẹgbẹ́ bíi Ancient Egypt Research Associates, tó ń ṣiṣẹ́ ní Giza, ti pẹ́ tó ti ń dá àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba Íjíbítì lẹ́kọ̀ọ́ lójú ibi iṣẹ́.

Fún àwa ọmọ Yorùbá, ọ̀kan tún wà. Ọ̀pọ̀ wa ló gbọ́ láti kékeré pé ìlà-oòrùn ni Odùduwà ti wá, àwọn kan á ní Íjíbítì gan-an ni. Mo mọyì ìfẹ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi owó yín fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣèlérí pé òun á wa ẹ̀rí rẹ̀ jáde. Ẹni tó ti mọ ohun tó fẹ́ rí kó tó walẹ̀, kì í ṣe ìwádìí ló ń ṣe.

Ibojì Tutankhamun ni mo máa ń ronú kàn jù. Láti 2009 sí 2019 ni Getty àti ìjọba Íjíbítì fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn àmì aláwọ̀ ilẹ̀ kan wà lára ògiri, ẹ̀rù sì ń ba àwọn èèyàn pé wọ́n ń gbilẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán tí wọ́n yà ní àsìkò Howard Carter, ará Gẹ̀ẹ́sì tó rí ibojì náà lọ́dún 1922, wá, wọ́n fi wé ògiri náà. Àwọn àmì náà ò gbilẹ̀ rárá. Kòkòrò àìfojúrí tó fà wọ́n ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti wọ inú ọ̀dà, bí èèyàn bá fẹ́ yọ wọ́n, àwòrán á bá wọn lọ. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n gbọn eruku, wọ́n ṣe ọ̀nà afẹ́fẹ́ tuntun. Ẹni tó bá wọlé lónìí á rí àwọn àmì náà níbi tí Carter ti bá wọn.