Bá a ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ ká dá ìdánwò oògùn tí ò ṣiṣẹ́ dúró

Ká ní ìyá alágbo kan ní Sábó, Ìkòròdú níbí, sọ pé agbo jẹ̀díjẹ̀dí àwọn máa ń ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan nínú márùn-ún, ó kéré tán, a wá fẹ́ dán an wò bí wọ́n ṣe ń dán oògùn òyìnbó wò, NAFDAC ti fọwọ́ sí i, owó ti wà nílẹ̀. Báwo la ṣe máa mọ̀gbà tó yẹ ká ní ó tó gẹ́ẹ́?

Àkọ́kọ́, ẹ kọ òfin ìdádúró sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mu ife kan. Ìgbà wo la máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí la máa rí tá a fi máa pa á tì. Ẹ má fojú kéré èyí o, torí tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tí èsì jáde, ìyá á ní ẹ jẹ́ ká fi èèyàn mẹ́wàá sí i, ẹni tó gbówó kalẹ̀ á ní ká kó ẹrù wa ńlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa gba ẹnì kejì gbọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Gehan gbé ọ̀nà kan jáde ní 1961 tó rọrùn gan-an. Tí agbo bá ń ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan nínú márùn-ún lóòótọ́, 0.8, ìyẹn 80 nínú 100, ni àǹfààní pé kò ní ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan tẹ́ ẹ bá mú. Ẹ mú kakulétọ̀ fóònù yín, ẹ kọ 0.8 nígbà 14, kẹ́ ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ (0.8 × 0.8 × 0.8, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ), 0.044 lẹ máa rí: àǹfààní pé kò ní ṣiṣẹ́ fún ẹnì kankan nínú àwọn 14 yẹn ò tó 5 nínú 100. Tó bá jẹ́ 13, 0.055 ni, ìdí tí wọ́n fi ń lo 14 nìyẹn. Tí kò bá wá sẹ́nì kankan tó gbádùn nínú èèyàn 14, ẹ dá a dúró. Tẹ́nì kan péré bá gbádùn, ẹ tẹ̀ síwájú, àmọ́ kì í ṣe pé agbo ti yege o.

Ìdánwò ńlá ló kàn, níbi táwọn kan ti ń mu agbo, táwọn kan ń mu nǹkan míì. Tẹ́ ẹ bá dé àárín, ẹ bi oníṣirò yín pé: pẹ̀lú ohun tá a ti rí yìí, kí ni àǹfààní pé a máa yege tá a bá ṣe é parí? Conditional power ni wọ́n ń pè é. Ká ní ẹ ṣètò ìdánwò yẹn pé, tí agbo bá ń ṣiṣẹ́ bí ìyá ṣe sọ, kó lè rí iṣẹ́ náà nígbà 90 nínú 100, ẹ wá dé àárín, apá méjèèjì rí bákan náà gẹ́lẹ́. Tí ìyókù bá lọ bí ìyá ṣe ṣèlérí, àǹfààní yín ṣì tó 32 nínú 100, ṣùgbọ́n tó bá lọ bẹ́ ẹ ṣe ń rí i yìí, kò tó 1. Ẹ ò rí i pé ìyàtọ̀ yẹn pọ̀? Torí náà, èyí tẹ́ ẹ máa lò gbọ́dọ̀ ti wà nínú òfin àkọ́kọ́, pẹ̀lú iye tó bá já wálẹ̀ sí tẹ́ ẹ máa fi dúró. 10 tàbí 20 nínú 100 làwọn kan ń lò. Ẹ má sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lemọ́lemọ́, torí gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá wò ó lẹ lè ṣèèṣì pa oògùn tó dáa tì.

Ẹni tó máa wo èsì àárín yìí, kó jẹ́ ìgbìmọ̀ ará ìta, kì í ṣe ìyá, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní South Africa nìyẹn, níbi ìdánwò abẹ́rẹ́ àjẹsára HIV tí wọ́n ń pè ní HVTN 702, èèyàn tó lé ní 5,400 ló wà níbẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ wò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, èèyàn 129 ló ti kó kòkòrò náà lára àwọn tó gba abẹ́rẹ́, 123 lára àwọn tó gba òfìfo, ìyẹn abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú. Wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró.

Tẹ́ ẹ bá dá tiyín dúró, ẹ tètè sọ fáwọn tó ń mu agbo, kẹ́ ẹ ṣì máa yẹ̀ wọ́n wò títí àsìkò tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ á fi pé, torí nǹkan lè yọjú lẹ́yìn. Kẹ́ ẹ gbé èsì náà jáde, kí ẹlòmíì má lọ náwó sórí agbo kan náà ní Ẹ̀pẹ́.