Ogbe Pupa Kọ́ Ni Àkùkọ

Ẹni tó bá ti sin adìẹ rí mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ, a ò ní pa dà síbẹ̀. Ohun tó mú wa kọ ìwé yìí ni àwọn abo tí ẹ ń tà fún alápatà ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, tí ẹ ní àkùkọ ni wọ́n torí pé ogbe wọn pọ́n. Tó bá di oṣù karùn-ún, àwọn tí ẹ dá sí á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ láàárọ̀, kò sì ní sí ẹyin nínú ìtẹ́.

Lóòótọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ 5 sí 8, ogbe akọ sábà máa ń tóbi, ó sì máa ń pọ́n ju ti abo lọ. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe bákan náà nínú gbogbo ìran adìẹ, bíi Leghorn àti Brahma. Abo Leghorn a máa ní ogbe ńlá. Tó bá ti ń yé, ogbe náà á wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ti akọ Brahma kéré, ó lẹ̀ mọ́ orí. Ẹni tó kó àwọn méjèèjì sínú ilé kan, tó wá ń fi ogbe yà wọ́n, abo Leghorn ni yóò pa jẹ.

Ìran ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ má ti ibi àwọ̀ ìyẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun ló ń tan ni jẹ jù. Ẹ ka ọmọ ìka ẹsẹ̀: mẹ́rin ni ti ọ̀pọ̀ adìẹ, márùn-ún ni ti Silkie, Dorking àti Faverolles. Ìyẹ́ Silkie dà bí òwú, awọ ara rẹ̀ sì dúdú. Ẹ wo ìsàlẹ̀ etí: ti Leghorn funfun, ẹyin funfun ló ń yé, ti Rhode Island Red pupa, ẹyin rẹ̀ pupa rúsúrúsú.

Ọ̀sẹ̀ 12 ni kí ẹ tó dájọ́. Tí wọ́n bá ti wọlé sùn, ẹ gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí orí rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá yín, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìbàdí rẹ̀, níbi tí ẹ̀yìn ti fẹ́ kan ìrù. Ẹ fi àtàǹpàkò ṣí ìyẹ́ ibẹ̀. Ti akọ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó. Ti abo fẹ̀, ẹnu rẹ̀ rí roboto bí ẹnu ṣíbí. Bó ṣe ẹyọ ìyẹ́ ṣóńṣó kan ló ń yọ láàárín àwọn roboto, akọ ni. Ẹ má gbára lé ìyẹ́ ọrùn, ti abo náà a máa mú díẹ̀. Ẹ so okùn pupa mọ́ ẹsẹ̀ akọ, kí ìka yín kan lè wọ inú rẹ̀, torí ẹsẹ̀ náà ṣì ń tóbi. Èyí tí kò bá dá yín lójú, ẹ tún un wò ní ọ̀sẹ̀ 14. Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì kò ní sọ yín di aláìní.

Ìran Sebright kò sí nínú èyí, ìyẹ́ akọ rẹ̀ rí roboto bíi ti abo. Silkie ń fẹ́ sùúrù títí di oṣù 5 tàbí 6.

Àwọn òròmọdìẹ kan wà tí àwọ̀ wọn ń sọ èyí tí wọ́n jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti jáde. Bí àkùkọ Rhode Island Red bá gun abo Plymouth Rock abilà, ọmọ dúdú ni wọn á pa. Èyí tó ní àmì funfun lórí, akọ ni. Bí akọ bá jẹ́ abilà, tí abo jẹ́ pupa, gbogbo ọmọ ló máa ní àmì náà, kò sì ní wúlò. Ẹ má sì tún mú àwọn ọmọ dúdú yẹn gun ara wọn kí ẹ máa retí àmì. A ti sọ ọ́ títí, àwọn kan ṣì ń ṣe é.

Ti títẹ ìdí òròmọdìẹ wò láti mọ akọ yàtọ̀ sí abo, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n lè fa ìfun rẹ̀ jáde.