Ẹ má fi Sniper wẹ ajá mọ́!

Ẹ ó ra ọmọ ajá lówó gọbọi. Ẹ ó ra ṣéènì, ẹ ó ra àwo oúnjẹ, ẹ ó gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp. Tó bá wá kan owó abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọ̀rọ̀ á di "Dókítà, èló ni jálẹ̀?" Èmi tí ẹ ń ná bí ata Bódìjà yìí náà lẹ máa pè láago méjì òru nígbà tí ajá bá ń bì. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára tipẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n lè sùn.

1. Ríra ọmọ ajá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹni tó ń gbé e kiri láàárín ọkọ̀ á ní "ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ ẹ̀." Ẹ ní kó mú káàdì wá. Bí kò bá sí káàdì tó ní orúkọ oògùn, déètì àti ìbuwọ́lù dókítà, ẹ kà á sí pé kò gba nǹkan kan.

2. Gígún abẹ́rẹ́ kan péré, kí ẹ wá sá lọ. Wàrà ìyá máa ń dáàbò bo ọmọ ajá, ṣùgbọ́n ààbò yẹn náà kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì sẹ́ni tó lè fojú mọ ọjọ́ tó máa tán lára ọmọ ajá kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn la fi ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tí a ó sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra wọn títí ọmọ ajá á fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Parvo, àrùn tó ń pa ọmọ ajá, kò fẹ́ mọ̀ bóyá owó oṣù ti wọlé. Tó bá sì ti pa ọ̀kan nílé yín, ẹ má tíì ra òmíràn. Ọ̀pọ̀ oṣù ni kòkòrò rẹ̀ lè fi wà nínú iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá. Hypo lè pa á lórí sìmẹ́ńtì, àmọ́ kì í ràn án nínú iyẹ̀pẹ̀.

3. Sniper. Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Ọkùnrin kan gbé Alsatian rẹ̀ wá lọ́jọ́ Sunday kan. Itọ́ ń ya lẹ́nu ajá, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, dúdú ojú rẹ̀ ti sún kì. Ọ̀gá yìí ti dájọ́ ní tirẹ̀: aládùúgbò ló fún ajá òun ní májèlé jẹ, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló sì kàn. Mo tẹ̀ba, òórùn tó wà nínú irun ajá gba gbogbo yàrá. Mo ní, "Ọ̀gá, kí lẹ fi wẹ̀ ẹ́?" Ó wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ wo ilẹ̀. "Ìdérí kan péré ni, Dókítà. Eégbọn yẹn ló pọ̀."

Ìdérí kan péré! Oògùn inú Sniper ń gba awọ ara wọlé, èyí tó bá sì kù lára irun, ajá á fi ahọ́n lá a. Ọṣẹ àti omi la kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, a wọ ìbọ̀wọ́, a wá ń gún un ní atropine, oògùn tó ń gbógun ti irú májèlé yẹn, à ń dúró, à ń tún un gún. Orí yọ ọ́. Owó tí ọ̀gá san lọ́jọ́ yẹn ju owó oògùn eégbọn ọdún kan lọ dáadáa. Bó ṣe ń ka owó sílẹ̀ ló bi mí pé, "Àmọ́ eégbọn yẹn ti kú ṣá?"

Ní 2019, NAFDAC ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré Sniper nínú ọjà àti sùpámákẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹ sì ń rí i rà síbẹ̀, mo mọ̀. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé eégbọn tí ẹ ń bá jà kì í gbé ara ajá títí. Tí abo bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, á já bọ́, á wọ inú ihò ògiri, á sì yé ẹyin rẹpẹtẹ síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ fún ajá ní oògùn eégbọn tí a fi ìwọ̀n rẹ̀ wọ̀n fún un, ní déètì tí a kọ fún yín, kí ẹ sì dí ihò ògiri ilé ajá.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì fún ajá tó ń họra: rárá.

Ẹ̀yin elépo pupa ńkọ́? Ẹ ó dá ajá tó ń gbọ̀n dùbúlẹ̀, ẹ ó la ẹnu rẹ̀, ẹ ó da epo sí i. Ẹ̀dọ̀fóró ni epo yẹn ń gbà lọ. A máa wo májèlé tán, òtútù àyà á tún wọlé. Ìgò tàbí páálí ohun tó jẹ ni kí ẹ mú wá.

Egungun adìẹ sísè: ẹ má fún un.

Parasitamọ́ọ̀lù fún ológbò? Hóró kan lè pa á. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè tú u palẹ̀ bíi tiwa.

Ó ku dìgbòlugi. "Ajá mi kì í jáde." Ògiri yín ńkọ́? Ajá òde kì í fò ó? Tí ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta, ẹ mú un wá gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀, kó sì máa gbà á lọ́dọọdún. Tí ajá bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, ọṣẹ àti omi ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn, lọ́jọ́ yẹn gan-an, kì í ṣe ìgbà tí àìsàn bá yọjú, torí nígbà yẹn ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ní 28 oṣù Kẹsàn-án, tí í ṣe Ọjọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, àwọn ilé ìwòsàn ẹranko kan máa ń gún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tètè dé, kí ẹ sì mú ṣéènì dání. Ajá tí ẹ ní "kì í géni jẹ" yẹn, àpá ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n.