Ẹ Má Gbé Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Nìkan Lọ: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Àyẹ̀wò Jíìnì STXBP1

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan fi àwòrán èsì àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní aago mọ́kànlá òru. Ojú ewé kẹta ló yà. Ó ti fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ STXBP1 lẹ́ẹ̀mejì, ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Ó wá kọ ọ́ pé: "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí ló ń ṣe ọmọ mi?" Mo wo èsì náà títí. Owó tí wọ́n san lé e lórí ju owó ilé oṣù kan lọ ní Peckham, síbẹ̀ kò lè dáhùn ìbéèrè obìnrin yìí. Inú bí mi, kì í ṣe sí i. Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ní wárápá ní London, irú èsì bẹ́ẹ̀ sì ti pọ̀ lójú mi.

Ẹni tó bá ti ń bèèrè àyẹ̀wò jíìnì ti mọ ohun tí wárápá jẹ́, n kò ní tún un sọ. Iṣẹ́ tí STXBP1 ń ṣe nìkan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Jíìnì ni, ìyẹn ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì tí ara fi ń pèsè purotéènì. Àlàfo tín-ín-rín wà láàárín sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan àti èkejì. Kí ọ̀rọ̀ tó lè ré àlàfo náà kọjá, sẹ́ẹ̀lì á kó kẹ́míkà sínú àpò kéékèèké, àpò náà á lẹ̀ mọ́ etí sẹ́ẹ̀lì, á wá tú ẹrù rẹ̀ síta. Purotéènì mẹ́ta ló ń lọ́ mọ́ra bí irun tí wọ́n ń dì, àwọn ló ń fa àpò náà mọ́ etí. Purotéènì tí STXBP1 ń pèsè ni onídìrí wọn: òun ló ń di ìdì irun náà mú, tó ń tò ó kó lè lọ́ bó ṣe yẹ. Ní 2000, àwọn onímọ̀ tí Matthijs Verhage ṣáájú wọn yọ jíìnì yìí kúrò pátápátá lára eku. Ọpọlọ àwọn ọmọ eku náà kọ́kọ́ tò dáadáa nínú oyún, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kankan ò rí kẹ́míkà tú sí èkejì. Ẹ̀dà méjì ni àwa èèyàn ní. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èyí tó kù ò lè dá iṣẹ́ náà ṣe tó. Ní 2008 ni Hirotomo Saitsu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan rí irú ìbàjẹ́ yìí lára àwọn ọmọ ọwọ́ tí wárápá líle ń bá jà. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà sí bí ọmọ kan nínú 30,000 tí wọ́n bá bí.

Àṣìṣe àkọ́kọ́: ríra àyẹ̀wò itọ́ tí wọ́n fi ń wá ìran ẹni. Ojú ibi tí wọ́n ti yàn sílẹ̀ nìkan ló ń wò nínú DNA. Ìyípadà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára ọmọ yín ò sí nínú ohun tó ń wá.

Èkejì: ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní England, tẹ́ ẹ ń sanwó ohun tí NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Wárápá tó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré wà nínú ìwé àyẹ̀wò jíìnì wọn, R59 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ pè é ní R59 létí dókítà ọpọlọ tó ń rí ọmọ yín.

Ẹ̀kẹta ló ń dùn mí jù: kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ nìkan, kí bàbá àti ìyá jókòó sílé. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìyípadà tó ń ba STXBP1 jẹ́ ló jẹ́ tuntun. Kò sí lára bàbá, kò sí lára ìyá, ara ọmọ ló ti kọ́kọ́ yọjú. Bí bàbá tí ara rẹ̀ le, tí gìrì ò mú rí, bá ní irú ìyípadà kan náà tí wọ́n rí lára ọmọ, ó ṣòro kó jẹ́ òun ló fa àìsàn náà. Bí kò bá sí lára àwọn méjèèjì, ẹjọ́ rẹ̀ yàtọ̀. Láìsí ẹ̀jẹ̀ òbí, láàbù ò rí ibì kan dì mú, wọ́n á wá kọ lẹ́tà mẹ́ta síbẹ̀: VUS. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "A rí ìyípadà kan, a ò tíì mọ̀ bóyá ó ń ṣe nǹkan." Òbí á ka á bí ẹni ka ìdájọ́.

Tiwa tún le sí i, torí ẹ̀jẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú àkójọ tí láàbù fi ń wé èsì. Ohun tí kò ju bí a ṣe yàtọ̀ síra lọ ní Ìjẹ̀bú tàbí Ọ̀yọ́ lè dà bí ohun àjèjì lójú wọn. Ó sì ń yà mí lẹ́nu, torí a wà níbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ yìí ń bẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá tó wà nínú HapMap, iṣẹ́ àgbáyé tí wọ́n fi wo bí DNA èèyàn ṣe yàtọ̀ síra, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2005. Ìdílé 30 ni wọ́n, bàbá, ìyá àti ọmọ nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n gbà á nígbà náà. Kí ló dé tá a fi ń gba ọ̀kan ṣoṣo fún ọmọ tó ń ṣàìsàn?

Tọkọtìyàwó kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Láàbù aládàáni kan ló ṣe àyẹ̀wò ọmọ wọn, VUS ni wọ́n kọ síwájú STXBP1, kò sì sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n ṣàlàyé. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ pe ilé ní Abẹ́òkúta. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ẹbí ti ń sọ pé láti ìdílé ìyàwó ni, pé àbúrò ìyá rẹ̀ kan máa ń ṣubú ní kékeré. Ìyàwó kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí pálọ̀. Oṣù méje ló fi sùn níbẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. A gba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì, ara bàbá ni ìyípadà náà wà, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. A sọ fún wọn pé kì í ṣe òun là ń wá, ibòmíràn ni ká yíjú sí. Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ tábìlì, ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó jáde, ọkọ ní: "Nọ́ọ̀sì, kí ni kí n sọ fún un?" Mo ní kó kọ́kọ́ pe Abẹ́òkúta.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń sanwó, tí owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹni mẹ́ta ò sì tíì pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró kó pé.

Oògùn ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe tiyín. Nínú wárápá tó ń wá láti ara jíìnì SCN1A, carbamazepine, oògùn wárápá tó ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, lè mú kí gìrì pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ má ṣe dá phenobarbital, oògùn wárápá mìíràn, dúró lójijì nítorí pé èsì àyẹ̀wò dé.

Ìtọ̀ màlúù ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìyá àgbà ló gbé e wá, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi ṣe é. Àgbo ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì ń dí èémí rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti pa ọmọ. Ẹ gbé e dànù. Ẹ má ki ṣíbí bọ ẹnu ọmọ tí gìrì mú. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ wo aago. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ìwòsàn ni.

Àwọn kan ń dúró de gìrì kí wọ́n tó gbà pé nǹkan ń ṣe ọmọ. Àwọn ọmọ STXBP1 kan wà tí wárápá ò mú rí, tó jẹ́ pé ìrìn ló pẹ́, ọ̀rọ̀ ò jáde, ọwọ́ ń gbọ̀n bí wọ́n bá na án sí ife.

Èyí tí èmi fúnra mi ti ṣe rí ni kí n fi kún un. Lọ́dún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, èsì ọmọbìnrin kan dé, wọn ò rí nǹkan kan. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti jíìnì. Kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀, torí ohun tí àyẹ̀wò ọjọ́ náà lè rí nìkan ló wò. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, dókítà wa ní kí wọ́n tún DNA rẹ̀ yẹ̀ wò, pẹ̀lú ti bàbá àti ìyá. Apá kan STXBP1 ló já, ó kéré débi pé àyẹ̀wò àtijọ́ ò rí i. Kò sí lára òbí kankan. Mo lọ bá ìyá náà nílé, mo tọrọ àforíjì. Mo ṣàlàyé pé kò sí ohun tó jẹ tàbí tó ṣe nínú oyún tó fà á, àti pé bó bá tún lóyún, ewu pé yóò tún ṣẹlẹ̀ kéré gan-an, àmọ́ kí wọ́n ṣì bá dókítà jíìnì sọ ọ́.

Kò sunkún. Ó wọlé lọ mú ìwé wá, ó ní kí n kọ gbogbo ohun tí mo sọ yẹn ní Yorùbá, torí ìyá ọkọ òun ni yóò kà á. Mo kọ ọ́, mo sì fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀.