Ẹ má fi káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ yín sílẹ̀ ní Ìkòròdú, ẹ má sì ra káàdì CDC lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ìkòròdú ni mo wà báyìí, ìsìnkú ló gbé mi wálé, àmọ́ àtọjọ́ tí mo ti dé ni àwọn tó ń múra Amẹ́ríkà ti ń wá bi mí ní ìbéèrè. Àná ni sister kan láti Ìgbògbò fi fóònù ẹ̀ hàn mí, ẹnì kan ní Atlanta ní kó fi dọ́là ránṣẹ́ kóun bá a gba káàdì CDC, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àrùn, fáwọn ọmọ ẹ̀ kí wọ́n tó lè wọ ilé-ìwé. Àyà mi já. Ohun tójú mi rí gan-an nìyẹn.

Ìyókù nínú fífi ọmọ sílé-ìwé níbẹ̀ ò le: ẹ lọ sílé-ìwé tó wà ládùúgbò yín, ẹ mú pásípọ́ọ̀tù àti ìwé ilé tẹ́ẹ rẹ́ǹtì dání, wọ́n á gba ọmọ. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni kẹ́ẹ gbọ́.

Nígbà tá a dé Georgia, inú dúrọ́ọ̀ ìyá mi ní Ẹbúté ni káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ mi wà, torí mo rò pé yellow card, káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tá a fi wọ bàálù, ti tó. Ilé-ìwé ní fọ́ọ̀mù 3231, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ti ìpínlẹ̀ Georgia, làwọn fẹ́. Ọkùnrin kan, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tí mò ń pè ní bọ̀dá, ní CDC ló ń fúnni àti pé òun léèyàn níbẹ̀. Mo kó $450 fún un. Ilé-ìwé wo káàdì tó gbé wá, wọ́n dá a padà. Ni mo bá sáré gbé ọmọ lọ sí kílíníìkì aládàáni, wọ́n gún un látìbẹ̀rẹ̀ torí kò síwèé tó fi hàn pé wọ́n ti gún un rí, owó ara mi ni mo fi san gbogbo ẹ̀. Ọmọ tó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ ẹ̀ pé ní Ìkòròdú! Ó ń ké, èmi náà ò mọ ibi tí mo máa kọjú sí.

Ẹ̀yìn tówó ti lọ ni nọ́ọ̀sì kan ní Health Department kántì wa là mí lóye pé CDC kì í fún ọmọ ilé-ìwé ní káàdì. Ìlànà ni tiwọn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣòfin abẹ́rẹ́ ilé-ìwé ẹ̀, dókítà tàbí Health Department níbẹ̀ ló sì ń kọ fọ́ọ̀mù. Àwọn ìpínlẹ̀ ni CDC ti ń bá ṣiṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ o. Ibà tá à ń bá jà nílé yìí ló bí wọn! Ní 1942, nígbà ogun, ìjọba dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí á máa lé ẹ̀fọn kúrò láyìíká bárékè sójà, Atlanta ni wọ́n fi í sí torí apá gúúsù ni ibà ti ń jà. Ó di CDC ní July 1, 1946, òṣìṣẹ́ wọn ò tó 400, dókítà inú wọn ò ju 7 lọ, wọ́n ń bá àwọn ìpínlẹ̀ fín oògùn ẹ̀fọn DDT sínú ilé títí ibà fi kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀ ní 1951. Àìsàn mìíràn ni wọ́n wá ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà tiwa, ní Abuja tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, ta ló ń gbé ọmọ lọ síbẹ̀ fún abẹ́rẹ́?

Èyí tí CDC ṣe tó kan àpò yín, tí bọ̀dá yẹn ò sọ, ni VFC (Vaccines for Children), ètò abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ fáwọn ọmọdé. Èèyi pa ọmọ níbẹ̀ láàárín 1989 sí 1991, ni wọ́n bá ṣòfin ní 1993, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1994: CDC ń ra abẹ́rẹ́, ó ń pín in fáwọn kílíníìkì, ọmọ tí ò tíì pé 19 tí ò ní insurance tàbí tó wà lórí Medicaid, insurance ìjọba fáwọn tówó ò tó lọ́wọ́ wọn, ò ní sanwó abẹ́rẹ́ náà. Wọ́n lè gba owó gígún, àmọ́ tẹ́ẹ bá ní ẹ ò ní in, wọn ò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ lé ọmọ. Ẹ béèrè kẹ́ẹ tó jókòó! Ẹ ní, ṣé ẹ wà nínú VFC? Èmi ò béèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ káàdì ọmọ wò lónìí, kí déètì wà níwájú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí èyí tí ò ní déètì, wọn ò ní kà á. Ẹ snap ẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí email ara yín, kí ojúlówó wà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú àpótí tó lè sọnù. Ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ (polio) tí wọ́n kán sọ́mọ lẹ́nu láti April 2016, wọn ò ní kà á bó tilẹ̀ ní déètì, wọ́n lè tún un gún. Irú ti chickenpox tí kò sí lórí káàdì wa, wọ́n á gún un, ẹ má bá wọn jà. Ẹni tó bá sì ní òun máa bá yín gba káàdì CDC, ẹ̀gbọ́n yín ni o, pásítọ̀ yín ni o, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Omi òjò ti ba káàdì sister Ìgbògbò yẹn jẹ́. Láàárọ̀ yìí a lọ sí health centre tí wọ́n ti gún àwọn ọmọ náà, nọ́ọ̀sì gbé ìwé ńlá ọdún 2019 jáde, ó rí orúkọ àkọ́bí pẹ̀lú gbogbo déètì ẹ̀, ó ti kọ ọ́ sí káàdì tuntun. Ti àbúrò ni wọ́n ṣì ń wá.