Ráàǹpù Ló Dá Ayò Àwọn Bàbá Dúró

Ẹ̀ẹ̀mejì la sanwó ráàǹpù kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tí àga oníkẹ̀kẹ́ ń gbà níbi tí àtẹ̀gùn wà, inú sì ń bí mi síbẹ̀. Owó ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ì bá ra àga ọlọ́wọ́ fún gbogbo ilé, ì bá ra tábìlì, ọpọ́n ayò àti rédíò tó ń dún ketekete, kí díẹ̀ sì ṣẹ́ kù sí owó epo jẹnẹrétọ̀.

Èmi ni mo ń bójú tó ètò ìdárayá àti àpéjọ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní apá Kubwa. Àwọn Yorùbá tó tẹ̀lé iṣẹ́ ìjọba wá láti Èkó nígbà tí olú-ìlú ṣí wá sí Àbújá ní oṣù Kejìlá ọdún 1991 wà níbẹ̀, àwọn Haúsá, Gbagyi, Nupe àti Ìgbò náà wà níbẹ̀. Àgbàlá kan wà láàárín ilé, igi máńgòrò ṣíji bò ó, ibẹ̀ ló tutù jù nínú ọgbà náà nígbà tí ooru oṣù Kẹta bá dé. Ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti máa ta ayò, kí wọ́n máa kọrin, kí wọ́n máa gba àlejò. Àtẹ̀gùn mẹ́rin ló wà láàárín fàráńdà àti àgbàlá yìí. Gíga wọn lápapọ̀ jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tó bá wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ kò lè dé ìsàlẹ̀ àfi tí èèyàn méjì bá gbé e.

Àwọn ọmọ tó ń wá kí òbí wọn á ní, “Màmá kò fẹ́ràn àwùjọ mọ́.” N kò gbà. Ìyá tó ti bí ọmọ, tó ti tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò fẹ́ kí ọkùnrin méjì máa ti abíyá gbé òun lójú gbogbo èèyàn. Ó sàn fún un kó dùbúlẹ̀ sí yàrá. Ẹ ṣí ọ̀nà ná, kí ẹ tó sọ pé kò fẹ́ jáde.

Ẹni tó gba iṣẹ́ ráàǹpù náà wo àtẹ̀gùn, ó ní kò le rárá. Ó to búlọ́ọ̀kù, ó rọ yẹ̀pẹ̀ sí i, ó da kankéré lé e, ó sì fi sìmẹ́ǹtì dán ojú rẹ̀ títí ó fi ń kọ mànà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 2 àti 40 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ ṣírò ó: 60 nínú 240. Bí àga bá rìn síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 4, ó ti gun òkè ní sẹ̀ǹtímítà 1. Òṣùwọ̀n tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń lò ni 1 sí 12. Sẹ̀ǹtímítà 60 yẹn ń fẹ́ gígùn mítà 7 àti 20 sẹ̀ǹtímítà, ìlọ́po mẹ́ta ohun tó ṣe fún wa.

Ó ní kí n má fi ìwé dá òun láàmú, pé ráàǹpù ni ráàǹpù ń jẹ́. Mo ṣàlàyé fún un báyìí. Bàbá tó wọn kílò 70, lórí àga tó wọn kílò 18, ti di kílò 88. Lórí gẹ̀rẹ́ 1 sí 4, nọ́ọ̀sì tó ń tì í yóò fi agbára tó tó kílò 21 tì í láìsinmi, bí ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 20 tí kò gbọdọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Lórí 1 sí 12, bíi kílò 7 ni. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yìn wọn sì ń dùn wọ́n kí ráàǹpù tó dé rárá. Sísọ̀ kalẹ̀ tiẹ̀ léwu ju gígun lọ, nítorí àga ni yóò máa fa ẹni tó dì í mú. Nígbà tí àga bá sì dé ìsàlẹ̀, níbi tí gẹ̀rẹ́ líle ti pàdé ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ibi ìgbẹ́sẹ̀lé rẹ̀ á gbá ilẹ̀, àga á dúró gbàgà, ẹni tó jókòó á sì fì síwájú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí a dán an wò. Ọlọ́run ló ṣe é tó jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì omi la gbé sórí àga náà, kì í ṣe èèyàn.

Àwíjàre rẹ̀ kejì ni pé bí òun bá ṣe é ní mítà 7, yóò jẹ gbogbo àgbàlá. Irọ́ ni. A kì í na ráàǹpù bẹ́ẹ̀ jáde. A máa ń ṣẹ́ ẹ padà ni. Apá kan á lọ mítà 3 àti 60, á kan ibi ìsinmi tó tẹ́ pẹrẹsẹ, á yí, apá kejì á sì padà wá ní mítà 3 àti 60. Ara ògiri fàráńdà ló máa lẹ̀ mọ́.

Àwíjàre kẹta ló dùn mí jù: ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é ní ilé ìjọsìn àti báńkì tí òun ti ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún 5 kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà tí àga oníkẹ̀kẹ́ lè gbà. Ọdún 5 yẹn ti pé ní 2024. Ẹ rìn yí Wuse àti Garki ká ní Àbújá níbí, ẹ ó rí ọ̀pọ̀ gẹ̀rẹ́ tí wọ́n rọ síbẹ̀ kí ojú lè rí i pé ó wà. Kò sẹ́ni tó gbé téèpù sí i. Aláàbọ̀ ara tó bá fẹ́ gùn ún ní láti wá ẹni tí yóò tì í.

Bí a ṣe ń fa ọ̀rọ̀ yìí, òjò dé. Ojú dídán tí ó fi ń yangàn di ibi tí bàtà ti ń yọ̀. Ó ní a gbọ́dọ̀ san owó fífọ́ rẹ̀, owó kíkó àwókù, àti owó iṣẹ́ tuntun, nítorí pé “ráàǹpù kan” ni ìwé àdéhùn sọ. Ó fọ́ ìdajì, ó gba owó díẹ̀ sí i, kò sì padà wá. Àwókù búlọ́ọ̀kù wà láàárín àgbàlá fún àkókò gígùn, àwọn tó tiẹ̀ lè fi ọ̀pá rìn kò rí ibẹ̀ lò mọ́. Ọkùnrin méjì tí wọ́n máa ń ta ayò ní ìrọ̀lẹ́ padà sí wíwo tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn kò rìn dáadáa mọ́ kí iṣẹ́ tó parí, nítorí ìrìn láti yàrá dé àgbàlá yẹn ni eré ìdárayá rẹ̀, òun náà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn kò sí nínú owó tí a kà.

Bíríkìlà mìíràn láti Dei-Dei ló tún un ṣe. Ó gbọ́rọ̀, ó sì fi téèpù wọn ohun gbogbo kí ó tó gbẹ́lẹ̀. Fífẹ̀ ọ̀nà jẹ́ mítà 1 àti 20. Ibi ìsinmi fẹ̀ ní mítà 1 àti ààbọ̀ síwájú, ó sì gba apá méjèèjì pọ̀, kí àga lè yí padà láìfarakan ògiri. Búlọ́ọ̀kù ínṣì 6 tó ọgọ́rùn-ún. Yẹ̀pẹ̀ pupa ni wọ́n rọ sínú, wọ́n sì ń gún un ní ìpele ìpele. Ẹni tó bá rọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó gún òkè nìkan, ilẹ̀ á jìn lábẹ́ kankéré lẹ́yìn òjò kìíní, kankéré á sì là. Kankéré nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, òkúta 4, pẹ̀lú àwọ̀n irin nínú. Sìmẹ́ǹtì àpò 8 ló gba kankéré nìkan, 5 tún lọ sí títo búlọ́ọ̀kù àti rírẹ́ ògiri.

Kí ojú rẹ̀ tó gbẹ ni wọ́n fi ìgbálẹ̀ líle fà á ní ìbú, kí táyà àti bàtà lè rí ibi dì mú. Ọjọ́ 7 la fi bomi rin ín lábẹ́ àpò tútù kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Etí méjèèjì ní gegele sẹ̀ǹtímítà 10 kí táyà má bàa já bọ́. Irin àfọwọ́dì wà lápá méjèèjì, gíga rẹ̀ jẹ́ 90 sẹ̀ǹtímítà, páìpù ínṣì 1 àti kọ́tà, nítorí pé ọwọ́ tí làkúrègbé ti mú kò lè ká páìpù tó sanra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí irin náà yọ kọjá òpin ráàǹpù ní sẹ̀ǹtímítà 30 lókè àti nísàlẹ̀. Ibi tí gẹ̀rẹ́ ti parí ni ẹsẹ̀ àgbà ti máa ń ṣìnà jù.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí jáde, kó kọ nọ́ńbà sínú ìwé àdéhùn: gíga, gígùn, fífẹ̀, ibi ìsinmi, bí ojú rẹ̀ yóò ṣe rí. Kí ó di ìdámẹ́ta owó mú títí tí wọn yóò fi dán an wò. Ẹ gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan, kílò 50, àti kẹ́ẹ̀gì omi lítà 20 sórí àga, ẹ so wọ́n mọ́ ọn, kí obìnrin tó kéré jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ tì í gòkè, kó sì mú un sọ̀ kalẹ̀ láìsí ẹni tó bá a dì í. Bí ó bá ní láti sáré kó tó lè gùn ún, ẹ má sanwó. Ẹ wo ẹnu ilẹ̀kùn yàrá pẹ̀lú. Gegele sìmẹ́ǹtì tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ tó láti dá àga dúró, ilẹ̀kùn tí àyè rẹ̀ kò sì tó sẹ̀ǹtímítà 80 á máa bó ìka èèyàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ètò tó dára wá rọrùn, èyí sì ni mo fi ń yangàn. Láàárọ̀, aago mẹ́sàn-án àbọ̀ la ń jáde, lẹ́yìn oúnjẹ àti oògùn. Àwọn tó ń lo oògùn tó ń fa ìtọ̀ á kọ́kọ́ lọ ilé ìyàgbẹ́, ìtòsí rẹ̀ la sì ń mú wọn jókòó sí. Nírọ̀lẹ́, a ń dúró kí wọ́n kí Alásárì tán. Nígbà ọyẹ́, aago mọ́kànlá ni, pẹ̀lú súwẹ́tà, bí eruku bá sì pọ̀ a kì í jáde. Èèyàn 6 sí 8 ni mo ń mú jókòó yípo. Bí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí etí wọn wúwo á kàn máa rẹ́rìn-ín láìgbọ́ ohun kan. Ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni kí ìmọ́lẹ̀ wà, kí wọ́n lè rí ètè rẹ̀.

Àga tí wọ́n bá jókòó sí gbọ́dọ̀ ní ọwọ́, kí ìjókòó rẹ̀ sì ga tó 45 sẹ̀ǹtímítà. Bí ó bá jẹ́ àga oníke, ẹ ki méjì bọ ara wọn. Ó ga sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í tètè là. Kí ẹnikẹ́ni tó dìde, kó jókòó ṣinṣin, kó mi ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, pàápàá ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Tábìlì ayò: abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga tó 70 sẹ̀ǹtímítà kí orúnkún ẹni tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Kábíńtà wa gbẹ́ ihò ọpọ́n fẹ̀ kí ìka tó le lè wọ̀ ọ́, ó kun inú rẹ̀ ní funfun kí ọmọ ayò lè hàn, ó sì kan ọpọ́n mọ́ tábìlì. Ihò 12, ọmọ 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. À ń kà á kí a tó bẹ̀rẹ̀, à ń kà á lẹ́yìn tí a bá ṣetán, nítorí ẹni tí iyè rẹ̀ ti rá lè ki ọ̀kan sẹ́nu. Àwọn bàbá Haúsá fẹ́ eré tí wọ́n ń pè ní dara ní tiwọn: ihò 30, ọmọ 12 fún ẹnì kan, ẹni tó bá to mẹ́ta sórí ìlà kan á yọ ọmọ ẹnìkejì rẹ̀ kan. Iyanrìn ilẹ̀ ni wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ sí. Àwọn tó lè bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, a wá ṣe àpótí pẹlẹbẹ tó ní iyanrìn nínú, a gbé e lé irú tábìlì kan náà. Báyìí, bàbá Yorùbá kan ti mọ dara débi pé Alhaji tó kọ́ ọ kò lè bá a ta láìronú.

Ìpanu ni kunú tí a kò fi ṣúgà sí, tàbí mọ́ínmọ́ín rírọ̀. Ẹ̀pà kò bọ́ sí i fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti ba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ni àwùjọ wa máa ń pọ̀ jù, nítorí ọjọ́ òmìnira Nàìjíríà bọ́ sí ọjọ́ kan náà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà.

Ráàǹpù náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Ní gbogbo ìgbà òjò, ohun tútù aláwọ̀ ewé á máa hù sí ibi tí òjìji bá wà lórí rẹ̀, a sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì líle fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn ọ̀sán máa ń mú irin àfọwọ́dì gbóná débi tí àwọn ìyá kò fi ní dì í mú, wọ́n á sì máa rìn láìdi nǹkan kan. Okùn òwú la wé mọ́ ọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, à ń pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti dọ̀tí.