Ebè Àfiwé: Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Ṣiṣẹ́ Lóko àti Nílé

Àgbẹ̀ kan lọ́nà Àgọ́-Ìwòyè da ìgbẹ́ adìẹ sí gbogbo oko àgbàdo rẹ̀, àgbàdo náà sì yọmọ ńláńlá. Ṣé ìgbẹ́ adìẹ ló ṣe é? Kò sẹ́ni tó lè sọ. Òjò lè dára lọ́dún náà ju ti èṣí lọ. Irúgbìn rẹ̀ lè jẹ́ tuntun. Ilẹ̀ náà lè ti sinmi fún ọdún mẹ́ta kí ó tó dá a. Ohun tó lè yanjú ọ̀rọ̀ náà ni àgbàdo mìíràn nínú oko kan náà, irúgbìn kan náà, òjò kan náà, tí a kò da ìgbẹ́ adìẹ sí. Èyí tí a kò da nǹkan sí yẹn la pè ní àfiwé nínú ìwé yìí.

Oko èṣí kì í ṣe àfiwé, nítorí òjò èṣí kọ́ ni tọdún yìí. Oko aládùúgbò kì í ṣe àfiwé, nítorí ilẹ̀ rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín. Àfiwé gbọ́dọ̀ bá èyí tí a ń dán wò dọ́gba nínú gbogbo nǹkan, àfi ẹyọ ohun kan tí a fẹ́ mọ̀. Ní Rothamsted, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1843 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbin wíìtì sí ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Broadbalk. Apá kan wà níbẹ̀ tí wọn ò da ajílẹ̀ kankan sí láti ìgbà náà títí di òní. Wọ́n ń túlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń gbìn ín, wọ́n ń kórè rẹ̀ bíi ti ìyókù, torí òun ni wọ́n fi ń mọ iye tí ajílẹ̀ fi kún irè àwọn apá tó kù. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ò jìnnà sí wa. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà nílùú Ìbàdàn, ní oko ìwádìí ní Ìkẹ́nnẹ́ nípìnlẹ̀ Ògùn níbí.

Àgbàdo àti ìgbẹ́ adìẹ

Ilẹ̀ tí ẹ máa lò kò ju mítà 11 ní ìbú àti mítà 15 ní ìsọ̀kalẹ̀ lọ, kò tó ìdá mẹ́ta pulọ́ọ̀tì kan. Ẹ yàgò fún ibi tí ààtàn wà tẹ́lẹ̀, ibi ògán, àti abẹ́ igi obì. Ẹ pín ilẹ̀ náà sí abala mẹ́jọ, méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìpele mẹ́rin láti òkè ilẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Abala kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 5 ní ìbú ilẹ̀, mítà 3 ní ìsọ̀kalẹ̀. Ẹ fi àlàfo mítà kan sáàárín abala àti abala, kí òjò má baà gbá ìgbẹ́ adìẹ láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Ẹ kan èèkàn mọ́ igun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ta okùn.

Ìdí tí a fi so wọ́n ní méjì-méjì ni pé òkè ilẹ̀ àti ìsàlẹ̀ kì í lọ́ràá bákan náà. Omi máa ń kó ọ̀rá ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá fi gbogbo ìgbẹ́ adìẹ sí ìsàlẹ̀ tí ẹ fi òkè ṣe àfiwé, ilẹ̀ lẹ ń dán wò, kì í ṣe ìgbẹ́ adìẹ.

Èwo nínú méjì ló máa gba ìgbẹ́ adìẹ? Ẹ má fi ojú yàn án. Ojú àgbẹ̀ mọ ilẹ̀ tó dára, ọwọ́ rẹ̀ á sì tẹ̀ lé ojú láìmọ̀. Ẹ kọ «ìgbẹ́» sórí bébà kan, «òfo» sórí ìkejì, ẹ ká wọn, ẹ jù wọ́n sínú fìlà, kí ọmọdé mú ọ̀kan fún abala ọwọ́ òsì. Ohun tó bá mú náà nìyẹn. Ẹ tún un ṣe ní ìpele kọ̀ọ̀kan. R. A. Fisher, onímọ̀ ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Rothamsted lọ́dún 1919, ló tẹnu mọ́ ìbò dídì yìí títí ó fi di àṣà àwọn olùwádìí oko.

Kílò 15 ìgbẹ́ adìẹ ni fún abala kan, ìyẹn kílò kan fún mítà kan níbùú-lóròó. Kílò 60 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, ẹ má fi bàsíà bù ú, torí èyí tó tutù wúwo ju èyí tó gbẹ lọ. Kí ó jẹ́ èyí tó ti jẹrà. Tútù á jó gbòǹgbò. Ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbìn, ẹ dà á, kí ẹ sì fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀.

Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: ẹ gbọ́dọ̀ fi ọkọ́ túlẹ̀ abala òfo náà lọ́jọ́ kan náà, bíi pé ẹ ń po nǹkan mọ́ ọn. Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, abala kan gba ìgbẹ́ adìẹ pẹ̀lú ilẹ̀ rírọ̀, ìkejì ò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì, ẹ ò sì ní mọ èyí tó mú àgbàdo dàgbà.

Ẹ kọ ebè gígùn mẹ́rin ní abala kọ̀ọ̀kan, sẹ̀ǹtímítà 75 láàárín wọn, kí wọ́n dábùú ìsọ̀kalẹ̀ ilẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 50 ni láti ihò dé ihò. Ẹ gbin ẹyọ mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ fa ọ̀kan tu lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kó kù méjì. Ọjọ́ kan ni kí ẹ gbin gbogbo rẹ̀. Bí oko ríro ò bá lè parí lọ́jọ́ kan, kí alágbàṣe parí abala méjèèjì tó wà ní ìpele kan kó tó ṣíwọ́.

Ẹ má ṣe abala òfo náà bí ọmọ orogún. Ó máa pọ́n díẹ̀, kò ní ga tó èkejì, àánú rẹ̀ á sì ṣe yín. Àwọn kan á lọ bu fatiláísà díẹ̀ sí i ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn mìíràn á ní kí ni wọ́n fẹ́ ro ibẹ̀ fún. Àánú àti ìpatì, ìkan náà ni: méjèèjì ló ń ba àfiwé jẹ́.

Nígbà ìkórè, ebè méjì àárín nìkan ni kí ẹ kà, kí ẹ sì fi ihò àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn sílẹ̀. Àgbàdo etí máa ń rí oòrùn àti àyè ju ti àárín lọ, gbòǹgbò rẹ̀ sì lè nà dé ọ̀dọ̀ ìkejì. Ó kù ihò 16, igi 32, lórí ilẹ̀ mítà 6 níbùú-lóròó. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú oko níbẹ̀. Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é, kílò àgbàdo gbígbẹ:

Ìpele 1: ìgbẹ́ 5.2, òfo 3.9
Ìpele 2: ìgbẹ́ 4.8, òfo 4.1
Ìpele 3: ìgbẹ́ 4.4, òfo 4.5
Ìpele 4: ìgbẹ́ 5.0, òfo 3.6

Ẹ yọ òfo kúrò lára ìgbẹ́ ní ìpele kọ̀ọ̀kan: 1.3, 0.7, ìpele kẹta fi 0.1 dín, 1.4. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 3.3, ẹ pín in sí mẹ́rin, ó lé díẹ̀ ní 0.8. Ẹ má ju ìpele kẹta nù nítorí pé kò gbè yín. Ẹ lọ wo ibẹ̀ bóyá òkété ló wọ̀ ọ́, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ sì kà á mọ́ ìyókù.

Ó lé díẹ̀ ní kílò 0.8 lórí mítà 6 yìí túmọ̀ sí bíi kílò 2 lórí abala odindi. Kílò 15 ìgbẹ́ adìẹ ló mú kílò 2 àgbàdo wá. Ẹ wá gbé owó ìgbẹ́ náà àti owó ọkọ̀ tó gbé e wá lé orí òṣùwọ̀n. Ohun tó ṣiṣẹ́ lè má mówó wọlé.

Ká tiẹ̀ ní ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbe ìgbẹ́ adìẹ. Bí ìgbẹ́ náà ò bá ṣe nǹkan kan rárá, irú èyí ṣì lè ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú 16. Bí ìpele bá jẹ́ mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀kan nínú 64 ni. Nítorí náà ẹni tó bá ní ilẹ̀, kó ṣe mẹ́fà; ẹni tí kò ní, kó tún un ṣe ní àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí òjò bá padà dé lẹ́yìn ìsinmi oṣù kẹjọ.

Fún ẹni tó bá fẹ́ dán oúnjẹ adìẹ wò, ọ̀rọ̀ kan péré: ẹ má kó mẹ́wàá tí ọwọ́ kọ́kọ́ tẹ̀ sí àgò kan, kí ẹ kó mẹ́wàá tó kù sí èkejì. Èyí tó ya ọ̀lẹ lọwọ́ máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹ so nọ́ńbà mọ́ ẹsẹ̀ wọn, kí ẹ di ìbò. Àjẹsára adìẹ kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi du adìẹ àfiwé. Gbogbo wọn ni kó gbà á.

Ẹ̀wà àti ata gbígbẹ

Ọ̀pọ̀ ilé ló ń fi ata gbígbẹ sínú ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Bí wọ́n ṣe sábà ń dán an wò nìyí: ẹ̀wà pẹ̀lú ata nínú ike tí wọ́n dé pa, ẹ̀wà láìsí ata nínú abọ́ tó ṣí sílẹ̀. Abọ́ á kún fún kòkòrò, wọ́n á ní ata ló ṣe é. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdérí ni. Bí a bá dé ẹ̀wà pa pinpin, kòkòrò á lo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, á sì kú, ata wà níbẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀.

Ẹ ra ẹ̀wà nínú àpò kan ṣoṣo, yálà ní Òkè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Fálàwò ní Ṣàgámù. Kó má jẹ́ èyí tí wọ́n ti fín oògùn sí. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí ẹní, ẹ rò ó pọ̀. Ẹ wá ìgò omi oníke mẹ́sàn-án tó jẹ́ 75cl, kí wọ́n gbẹ dáadáa, kí ẹ sì wọn agolo mílíìkì mẹ́ta sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mẹ́ta: ẹ̀wà nìkan, aṣọ tí a fi rọ́bà dè ní ẹnu.
Mẹ́ta: ẹ̀wà pẹ̀lú ata ṣọ̀ǹbọ̀ gbígbẹ mẹ́wàá, aṣọ ní ẹnu.
Mẹ́ta: ẹ̀wà nìkan, ọmọrí ìgò tí a dé pa.

Báyìí ni ata àti ìdérí ṣe máa jẹ́jọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ka ẹyọ ẹ̀wà 100 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ kọ iye tó ti ní ihò tẹ́lẹ̀. Ẹ kó gbogbo ìgò sí ibi kan, kí èyíkéyìí má sún mọ́ ààrò ju èkejì lọ. Ó ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ẹyin kòkòrò ẹ̀wà tó di àgbà, nítorí náà ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, kí ẹ tún ka 100 láti inú ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣí èyí tí ẹ dé pa wò láàárín ìgbà yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá ṣí i, afẹ́fẹ́ tuntun wọlé.

Bí ẹ̀wà inú ìgò tí kò ní ata, tí a fi aṣọ bo, ò bá ní ihò tuntun kankan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ má yọ̀ pé ata ṣiṣẹ́. Kò sí kòkòrò nínú ẹ̀wà náà látìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ lọ ra òmíràn.

Ewé dóńgóyárò lórí ilá

Ẹ gún kílò kan ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 5 mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ olómi ṣíbí kékeré kan sí lítà kọ̀ọ̀kan kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Kòkòrò wẹ́wẹ́ abẹ́ ewé ilá á dín kù. Ṣùgbọ́n ọṣẹ fúnra rẹ̀ ń pa kòkòrò wẹ́wẹ́, omi tí a fọ́n sì ń gbá wọn dànù. Àfiwé tí a kò fọ́n nǹkan kan sí nìkan ò tó. Ìsọ̀rí mẹ́ta la nílò: ilá tí a kò fọ́n nǹkan sí, ilá tí a fọ́n omi ọṣẹ sí, ilá tí a fọ́n dóńgóyárò pẹ̀lú ọṣẹ sí. Ẹ̀rọ ìfọ́n kan náà, ìwọ̀n kan náà, ìrọ̀lẹ́ kan náà. Kí ẹ fọ́n omi ọṣẹ kí ẹ tó fọ́n ti dóńgóyárò, torí àṣẹ́kù inú ẹ̀rọ. Bí méjì ìkẹyìn bá rí bákan náà, ẹ fi ewé yín sílẹ̀ lórí igi.

Gàrí Ìjẹ̀bú: ọjọ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún

Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni àfiwé ń jẹ́ òfo. Nídìí gàrí, ohun tí ilé yín ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni àfiwé. Bí ẹ bá ń fi í kan fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta ni àfiwé, márùn-ún ni ìdánwò. Ẹ má dán dídín ọjọ́ kù wò: rírin, kíkan, fífún àti yíyan ló ń yọ májèlé inú ẹ̀gẹ́ kúrò.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí ẹ bá rin gbogbo ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ kan, ọjọ́ méjì ló máa wà láàárín yíyan ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì, iná àti ọwọ́ ò sì ní dọ́gba. Ó sàn kí ẹ wú ẹ̀gẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí ebè kan náà: ẹ wú ìdí kan, ẹ fo ìkejì, lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ padà wú àwọn tí ẹ fò. Àwọn tí ẹ kọ́kọ́ wú ni ti ọjọ́ márùn-ún, àwọn tí ẹ fò ni ti ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ á wá bọ́ sí agbada lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ méjì tí àwọn yẹn fi pẹ́ sí i nínú ilẹ̀ kò tó nǹkan. Iná tó yàtọ̀ ló ń yí adùn padà. Ẹ má tíì fi jáàkì tẹ àpò kankan títí di àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa yan án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ọlọ́jọ́ márùn-ún á gbẹ ju èkejì lọ.

Fún títọ́ ọ wò, ẹ rẹ gàrí sínú ife mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, omi tútù kan náà, láìsí ṣúgà: ife méjì láti inú gàrí kan, ife kan láti inú èkejì. Ẹ yí ipò ife àti gàrí tó dá wà padà láti ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Kí ẹni tó ń gbé ife fún wọn má mọ èwo ni èwo, torí ojú rẹ̀ á sọ ọ́. Ẹ bi wọ́n pé: èwo ló dá yàtọ̀? Ẹni tó kàn méfò lásán á gbà á lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta, nítorí náà nínú ènìyàn 12, mẹ́rin lè ṣèèṣì mọ̀ ọ́n. Bí ó bá tó mẹ́jọ, ìyàtọ̀ wà lẹ́nu lóòótọ́. Ìgbà náà lẹ tó lè bi wọ́n léèrè èyí tí wọ́n máa fi owó wọn rà.